Iná 4WD ń ṣẹ́jú lórí 4Runner: ẹ má tíì ra odidi tíránsífà

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Toyota 4Runner ọdún 2005 ni mo ń wà, V6 (ẹ́ńjìnnì oní-sílíńdà mẹ́fà). Látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti fẹ́ máa lo 4WD (kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ti ọkọ̀) nítorí ẹrẹ̀ àdúgbò wa, ṣùgbọ́n bí mo bá yí nọ́ọ̀bù rẹ̀, iná 4WD á kàn máa ṣẹ́jú ni, kò ní dúró sójú kan. Ní 2WD (táyà ẹ̀yìn nìkan), ọkọ̀ náà ń rìn wọ́ọ́rọ́wọ́, kò pariwo, epo ò jò. Mekáníìkì mi ní tíránsífà, àpótí jíà tó ń pín agbára fún iwájú àti ẹ̀yìn, ti lọ, kí n ra odidi ní Àrárọ̀mí, ní Gate, n'Ìbàdàn. Mo ti fi owó díẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Ríwáyà kan ní irọ́ ni, ó ní actuator lásán ni, ẹ̀rọ kékeré oníná tó ń ti jíà bọ́ sí 4WD. Ẹnì kẹta ní kí n yọ pùròpẹ́là iwájú, ọ̀pá tó ń gbé agbára láti tíránsífà lọ síwájú, kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ 4WD pátápátá. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú wọn? Ṣé mo lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra mi nílé? Mo ní jáàkì, mo ní sípánà, mo ní mítà kékeré tí wọ́n fi ń wọn iná.

* * *

Àbúrò, sọ fún ẹni tó ń ta tíránsífà kó ṣì ní sùúrù. Àwọn míì náà ti dá sí ìbéèrè rẹ, màá máa dá wọn lóhùn bí a ṣe ń lọ. Tíránsífà tó bàjẹ́ nínú kì í dákẹ́. Á máa ké, ṣéènì inú rẹ̀ á máa gbá irin tó bá ti fà, jíà á máa yọ, epo á máa jò. Ọkọ̀ tó ń rìn dáadáa ní 2WD, tó jẹ́ pé iná nìkan ló ń ṣẹ́jú, kọ̀ǹpútà 4WD rẹ̀ ti rán iṣẹ́, kò sì tíì rí àmì pé wọ́n jẹ́ ẹ. Ìyẹn ni ìtumọ̀ iná yẹn.

Mekáníìkì rẹ àti ríwáyà rẹ gbàgbé nǹkan kan. 4Runner V6 tó jáde láàárín 2003 sí 2009, tó bá jẹ́ oní-4WD, actuator méjì ló ní. Ọ̀kan wà lára tíránsífà, òun ló ń ti fọ́ọ̀kì inú rẹ̀ (irin tó ń sún jíà) láti 2WD bọ́ sí 4WD àti sí Low, ìyẹn 4WD tó lọ́ra tó sì lágbára jù. Èkejì wà lára dífù iwájú, ibi tí agbára ti ń pín sí táyà iwájú méjèèjì. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti so ọ̀pá táyà iwájú pọ̀ mọ́ dífù nígbà tí a bá bọ́ sí 4WD, kó sì tú u sílẹ̀ ní 2WD, kí pùròpẹ́là iwájú má baà máa yí lásán lójú títì. Èyíkéyìí tí kò bá débi tí wọ́n rán an, iná kan náà ló máa ṣẹ́jú. Kí o tó ra ohunkóhun, mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ni.

Kí a tó lọ síbẹ̀: ṣé o máa ń jẹ́ kí ọkọ̀ rìn díẹ̀ lẹ́yìn tí o bá yí nọ́ọ̀bù? Eyín jíà kì í fìgbà gbogbo kojú ara wọn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń ṣẹ́jú bí ọkọ̀ bá dúró gbagidi, tó bá sì rìn díẹ̀ lọ́gbọọrọ, láìyí ọwọ́, á wọlé. Low ló gbọ́dọ̀ dúró pátápátá, kí jíà sì wà ní fírì. Ẹni tó bá ń yí i sí Low nínú Drive lè yí i dọ̀la.

* * *

Ìdánwò kan wà tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Mítà gan-an ò wúlò níbẹ̀.

Gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú pẹrẹsẹ, kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nílẹ̀. 4Runner ga tó láti yọ́ wọ abẹ́ rẹ̀. Fi sí 2WD, wà á síwájú díẹ̀ kí ara rẹ̀ tú, fi sí Park, fa hánbíréèkì, pa á, kí kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ, kì í ṣe lápò ọmọ tó ń ràn ọ́ lọ́wọ́. Fi òkúta tàbí pákó há táyà níwájú àti lẹ́yìn. Wọ abẹ́ rẹ̀, di pùròpẹ́là iwájú mú, yí i. Ó yẹ kó yí, bó tiẹ̀ wúwo díẹ̀.

Jáde. Ṣáná sí i, fi sí 4WD, rìn síwájú díẹ̀, rìn sẹ́yìn díẹ̀, bí iná bá fẹ́ kó máa ṣẹ́jú lọ. Padà sí Park, pa á, há a bíi ti àkọ́kọ́, wọlé padà, kí o tún pùròpẹ́là kan náà yí.

Bó bá ṣì ń yí, tíránsífà ò kúrò ní 2WD. Actuator rẹ̀, tàbí iná tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ni ká máa lé. Bó bá ti le pinpin, tíránsífà ti ṣe tirẹ̀, kí o lọ kojú actuator dífù iwájú. Bó bá sì jẹ́ pé ó ti le látìgbà tó wà ní 2WD, nǹkan kan ti há sórí 4WD. Gbé táyà iwájú kan ṣoṣo sókè, kí ọkọ̀ jókòó sórí sítáǹdì, torí jáàkì nìkan kò ṣeé sùn sábẹ́ rẹ̀. Tún pùròpẹ́là yí. Bí òun àti táyà tó wà lókè bá jọ ń yí, dífù iwájú ló há. Bí kò bá yí síbẹ̀, tíránsífà ni.

Gbogbo ẹni tó ń pariwo "ra èyí, ra tọ̀hún" fún ọ, bi wọ́n bóyá wọ́n yí pùròpẹ́là kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

* * *

Ẹnì kan ní àfi kí a kọ́kọ́ ṣe sikánì, pé gbogbo èyí tí mo sọ, iṣẹ́ ọwọ́ ayé àtijọ́ ni. N kò bá a jà tó bá jẹ́ sikánà tó lè bá kọ̀ǹpútà 4WD Toyota sọ̀rọ̀ ló ní lọ́kàn. Èyí tí ọ̀pọ̀ wa rà, tí a ń fi Bluetooth so mọ́ fóònù, ẹ́ńjìnnì nìkan ni púpọ̀ nínú wọn ń kà. Á ní "kò sí kóòdù", oníkálùkù á sì gbà pé ọkọ̀ òun ò ní àrùn. Èyí tó dára gan-an, ibi tí àmì kò ti dé ló máa sọ fún ọ. Kò ní sọ bóyá eku ló jẹ wáyà, bóyá omi wọ pulọ́ọ̀gì, tàbí gírísì ti gan nínú actuator.

Bátìrì ńkọ́? Ẹni tó bi í ò ṣìnà. Wọn bátìrì nígbà tí ọkọ̀ ti sinmi: nǹkan bíi fóòtì 12.6 ni bátìrì tó kún. Ṣáná sí i, ó yẹ kó wà láàárín 13.8 sí 14.4. Bó bá kéré jùyẹn lọ dáadáa, kọ́kọ́ tọ́jú àtánétọ̀ àti wáyà èétì kí o tó dá actuator lẹ́jọ́.

Fíúsì: má fojú wò ó, fi mítà kàn án ní etí méjèèjì. Mo ti rí fíúsì tó dán bí tuntun tó sì ti já nínú.

* * *

Ó yá, jẹ́ ká gbà pé pùròpẹ́là ń yí lọ́nà méjèèjì, tíránsífà ni kò wọlé. Ibi tí mítà rẹ ti wúlò rèé.

Actuator tíránsífà ní pulọ́ọ̀gì kan tó ní wáyà púpọ̀. Méjì tó sanra jù nínú wọn ló ń gbé iná fún ẹ̀rọ tó ń yí. Àwọn tín-ín-rín tó kù ń sọ fún kọ̀ǹpútà ibi tí fọ́ọ̀kì wà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá wọn mọ̀ yàtọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Kí ẹ́ńjìnnì kú, kí táyà wà ní híhá, kí kọ́kọ́rọ́ wà ní ON. Jẹ́ kí ẹnì kan jókòó sínú ọkọ̀ kó máa yí nọ́ọ̀bù láti 2WD sí 4WD, kí ìwọ fi ẹnu mítà kan wáyà méjì tó sanra láti ẹ̀yìn pulọ́ọ̀gì. Iná á jáde ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, á tún lọ. Tó bá yí i padà, àmì orí mítà á yí padà láti pọ́sítíìfù sí nẹ́gátíìfù, torí ibi tí iná gbà wọlé ló ń sọ apá tí ẹ̀rọ náà máa yí sí.

Iná dé, actuator dákẹ́: òun gan-an ló ń ṣàìsàn. Iná ò dé rárá: fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́ kí o máa padà sẹ́yìn lórí wáyà, dé fíúsì, dé rilé, dé nọ́ọ̀bù. Eku ìlú wa fẹ́ràn wáyà ọkọ̀ tó bá dúró pẹ́ lábẹ́ igi. Iná dé, o gbọ́ tó kùn díẹ̀ tó sì dúró: ó fẹ́ yí, nǹkan dì í mú. Ó lè jẹ́ gírísì, ó lè jẹ́ ìdógùn-ún, fọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ sì lè há.

* * *

Ìjà ńlá tó ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ìbéèrè yìí lórí fífi iná bátìrì kan actuator tààrà: apá kan ní ó ń jó o, apá kan ní gbogbo ríwáyà ló ń ṣe é.

Èmi máa ń ṣe é. Wáyà méjì tó sanra nìkan, fíúsì 10 lójú ọ̀nà láàárín bátìrì àti ẹ̀rọ, kàn án kí o tú u, ká ní o kàn fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ ni. Bí kò bá dún, pààrọ̀ ojú wáyà, kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn tó jó o, dídi wáyà mú ni wọ́n ń ṣe. Kọ̀ǹpútà ló ń dá ẹ̀rọ yìí dúró nígbà tó bá débi tó ń lọ. Ìwọ tí o ti yọ kọ̀ǹpútà kúrò nínú ọ̀rọ̀, àfi kí ọwọ́ rẹ máa dá a dúró, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa ti ara rẹ̀ mọ́ ògiri títí eyín rẹ̀ á fi kán. Ẹni tó bá sì fi fóòtì 12 sínú wáyà tín-ín-rín, kọ̀ǹpútà tuntun ló ń wá.

Nípa òòlù: ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ó ń ṣiṣẹ́ nígbà mìíràn. Tí o bá rọra gbá ara actuator pẹ̀lú ẹ̀yìn sípánà bí ẹnì kan ṣe ń yí nọ́ọ̀bù, tó sì jí, kábọ̀ọ̀nù inú rẹ̀ ló ti há tàbí tó ti jẹ tán. Àyẹ̀wò nìyẹn. Má wà á lọ sí oko pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé o ti wò ó sàn. Má fi òòlù ńlá lù ú o, ara aluminiomu ni tíránsífà yẹn, á là.

Suwíìṣì tí àwọn ríwáyà kan máa ń fi sí inú ọkọ̀, tó ń gbé iná lọ bá ẹ̀rọ náà láìgba ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà kọjá? Bí o bá há sínú igbó, á mú ọ délé. Lẹ́yìn ìyẹn, yọ ọ́. Lọ́jọ́ kan, ọmọ rẹ á tẹ̀ ẹ́ lórí ìrìn.

* * *

Obìnrin kan láti Abẹ́òkúta bèèrè bóyá actuator ṣeé tú, torí wọ́n sọ fún un pé dídì ni wọ́n dì í pa.

Ó ṣeé tú, mà. Bóòtì ló dì í mú, gọ́ọ̀mù sì wà láàárín rẹ̀. Kí ẹ tó yọ ọ́ lára tíránsífà, ẹ fi ọ̀dà sàmì sí ibi tó jókòó sí àti ibi tí jíà kékeré rẹ̀ kojú sí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí nọ́ọ̀bù nígbà tó wà níta, torí tí kò bá bá fọ́ọ̀kì mu mọ́, ẹ óò tún máa jà láti dá a padà. Ohun tí ẹ máa ń bá nínú rẹ̀ ni gírísì tó ti di bí ọṣẹ gbígbẹ, jíà ọ̀rá, àti pátákó kékeré tó ní ojú bàbà. Bí ojú bàbà yẹn bá ti ní àwọ̀ ewé, omi ti wọlé.

Sípíríìtì tàbí oògùn tí wọ́n ń fọ́n sí kọ́ńtáàkì ni kí ẹ fi nù ún. Ẹ má lo bẹntiróòlù. Gírísì funfun tuntun díẹ̀ sára jíà, kí ojú bàbà má rí gírísì rárá. Gọ́ọ̀mù tuntun yí etí rẹ̀ ká. Kí ẹ tó dá a padà sára ọkọ̀, ẹ fi ọwọ́ yí ọ̀pá rẹ̀, kó yọ̀.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń kùnà nìyí: wọ́n á fọ̀ ọ́, á ṣiṣẹ́, oṣù méjì, omi tún ti kún un. Páìpù rọ́bà kékeré kan wà tó fi ń mí. Bí rọ́bà yẹn bá ti já tàbí tó ti sán, gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá gba inú àgbàrá kọjá nígbà tí ara irin gbóná, omi tútù á mú kó fa omi wọlé. Ẹ tọ rọ́bà náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ní Lẹ́kkí àti Àjáh, níbi tí ọkọ̀ ti ń wẹ̀ lójú títì nígbà òjò, òun ni mo máa kọ́kọ́ wò.

* * *

Yíyọ pùròpẹ́là. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò sówó lọ́wọ́ oníkálùkù, nítorí náà n kò ní bú ẹnikẹ́ni. V6 tó wà ní 2WD lè máa rìn láìsí pùròpẹ́là iwájú, torí táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń tì í.

V8 (oní-sílíńdà mẹ́jọ) ló yàtọ̀. 4Runner V8 ìgbà yẹn tó bá jẹ́ oní-4WD, nọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ní 2WD rárá, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń tì í nígbà gbogbo, dífù àárín tí wọ́n ń pè ní Torsen sì wà nínú tíránsífà tó ń pín agbára fún iwájú àti ẹ̀yìn. Yọ pùròpẹ́là iwájú láìti dífù àárín pa (kí iwájú àti ẹ̀yìn so pọ̀), agbára á máa sá gba ibi tí kò sí ẹrù, Torsen á sì máa jẹ ara rẹ̀. Ọ̀gá kan tó dá sí ọ̀rọ̀ yìí sọ pé "gbogbo 4Runner ló ṣeé yọ", ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá mi, ẹ bèèrè ẹ́ńjìnnì ná.

* * *

A ti sọ̀rọ̀ jìnnà láìdárúkọ táyà. Ní orílẹ̀-èdè tí a ti ń ra tòkunbọ̀ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, táyà iwájú lè tóbi ju ti ẹ̀yìn lọ láìmọ̀. Lórí ọkọ̀ tí kò ní dífù àárín, bíi Hilux, tí ènìyàn bá fi 4WD rìn lójú títì gbígbẹ, àwọn jíà á fún ara wọn pọ̀ débi pé actuator ò ní lágbára láti fà wọ́n yà. Ènìyàn á yí i sí 2WD, kò ní jáde, á ní actuator ti kú. Rìn sẹ́yìn díẹ̀ lọ́gbọọrọ, ó máa ń já sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Hilux tí wọ́n ń ṣe láti 2015 tó ní nọ́ọ̀bù ni mo ń sọ. Àwọn àgbà tó ń lo èyí tó ní lífà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà, ẹ kò mọ bí orí yín ṣe bùn yín tó.

* * *

Onímọ́tò BMW X5 dá sí i: iná 4x4, ABS (ti bíréèkì) àti DSC (tó ń jẹ́ kí ọkọ̀ má yọ̀) tàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń gbọ́ kí-kí-kí lábẹ́ ọkọ̀ tó bá ti pa á. Ẹ̀gbọ́n, tiyín kì í ṣe fọ́ọ̀kì. Actuator tiyín ń fún kọ́lọ́ọ̀ṣì inú tíránsífà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń wakọ̀, ó sì máa ń wọn ara rẹ̀ tí ẹ bá pa ọkọ̀. Jíà ọ̀rá kan wà nínú rẹ̀ tí eyín rẹ̀ máa ń jẹ, ìyẹn ló ń ṣe kí-kí-kí. Wọ́n ń ta jíà náà lọ́tọ̀. Ẹ pààrọ̀ epo tíránsífà pẹ̀lú rẹ̀, torí epo tó ti gbó wà lára ohun tó ń pa jíà yẹn. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ní sikánà BMW sọ fún kọ̀ǹpútà pé epo tuntun ti wọlé.

* * *

ONÍBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Mo yí pùròpẹ́là: ó yí ní 2WD, ó yí ní "4WD". Iná dé ojú pulọ́ọ̀gì, fóòtì 12 àti díẹ̀, actuator ò mira. Mo yọ ọ́, mo tú u, ewé lójú bàbà. Mo nù ún bí ẹ ṣe kọ ọ́ fún ìyá Abẹ́òkúta. Iná 4WD dúró láìṣẹ́jú láàárọ̀ yìí. Rọ́bà tó fi ń mí ti sán lókè. Ẹni tó ń ta tíránsífà ò fẹ́ dá owó mi padà, ó ní kí n kó ọjà. Kí ni kí n ṣe?

* * *

O káre láé. Pààrọ̀ rọ́bà yẹn kí òjò tó tún rọ̀, kí o so ẹnu rẹ̀ sókè.

Omi tó rí actuator lè ti rí tíránsífà náà. Tú epo rẹ̀ wò. Kọ́kọ́ ṣí nọ́ọ̀tì tí wọ́n ń gbà da epo sí i kí o tó ṣí ti ìsàlẹ̀, torí bí tòkè bá kọ̀ tí ti ìsàlẹ̀ sì ti ṣí, ọkọ̀ rẹ ò ní kúrò níbẹ̀ lónìí. Bí epo bá funfun bí mílíìkì, omi ni. Rọ tuntun, irú tí ìwé ọkọ̀ rẹ dárúkọ, títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn padà lẹ́nu ihò òkè.

Ìwé Toyota ní kí ènìyàn máa fi 4WD rìn tó kìlómítà 16 lóṣooṣù kí epo lè dé ara àwọn irin iwájú. Àwa tí a ń tọ́jú 4WD pamọ́ fún ọjọ́ ẹrẹ̀ la ń pa á. V6 tìrẹ náà ní dífù àárín, ó lè ṣe é lójú títì gbígbẹ, tí o kò bá ti ti dífù náà pa. Oní-Hilux, ẹ wá ọ̀nà ilẹ̀.

Ti owó: má bá a jà. Ní kó fún ọ ní actuator tòkunbọ̀ fún iye tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ti tíránsífà tàbí ti dífù iwájú, torí ọjọ́ orí kan náà ni méjèèjì tìrẹ. Ka nọ́ńbà ara rẹ̀ mọ́ ti tìrẹ. Gbé bátìrì àti wáyà oní-fíúsì lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kó yí síwájú, kó yí sẹ́yìn níṣojú rẹ, lẹ́yìn náà ni kí o tó sọ fún un pé ẹ ti parí.